Àwẹ̀ró àti Ọlọ Tí Kò Dún Fún Ọdún Mẹ́ta

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Ẹ̀yin méjì tí ẹ ń fa ẹní mọ́ ara yín lọ́wọ́ níbẹ̀ yẹn, ṣé àlọ́ lẹ fẹ́ gbọ́ àbí ẹ fẹ́ ya ẹní ìyá yín? Mo ní, ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀, Ìyá Àgbà!"

Ní ìgbà kan rí, ìlú kan wà tí wọ́n ń pè ní Asọ̀-ò-tán. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ níbẹ̀, ìjà ni oúnjẹ àárọ̀. Ajá ń bá ajá jà, ewúrẹ́ ń bá ògiri jà, àkùkọ ń bá òjìji ara rẹ̀ jà.

"Ṣé òjìji náà ń dá a lóhùn ni?"

"Ó ń dá a lóhùn! Ta ni kì í fèsì ní Asọ̀-ò-tán?"

Bí ènìyàn méjì bá wọ ìjà, kò sí ẹni tó máa là wọ́n. Àpótí ni wọ́n ń gbé jáde láti jókòó wòran. Wọ́n á ní ṣebí àwọn àgbà ló wí i pé onílàjà ní í fi orí gbọgbẹ́, orí àwọn kò sì sí fún títà.

Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Òun àti Ẹ̀fúnyẹmí, ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀, ni wọ́n jọ ń gbé agbo ilé kan, ọlọ kan ṣoṣo ni wọ́n sì jọ ń lò. Ní ọjọ́ kan, wọ́n jà nítorí ẹni tí yóò kọ́kọ́ lọ ata. Àwẹ̀ró gbé ọlọ, ó sá wọ yàrá. Ẹ̀fúnyẹmí mú ọmọ ọlọ, òun náà sá wọ yàrá tirẹ̀.

Ọlọ tí kò ní ọmọ ọlọ, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Fún ọdún mẹ́ta gbáko, odidi ata ni Àwẹ̀ró ń jù sínú ọbẹ̀, odidi ata ni Ẹ̀fúnyẹmí náà ń jù.

"Háà! Odidi ata!"

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ibi tó ń dùn mí ń bọ̀."

Àwẹ̀ró bí ọmọ obìnrin kan, ó sọ ọ́ ní Ìtùnú. Láti ọjọ́ tí Ìtùnú ti dáyé, kò sùn àsùnwọra rí. Bí ó bá ti fẹ́ pa ojú dé, ariwo á sọ, ọmọ á ta gìrì, á figbe ta. Ara rẹ̀ ń joro, ọrùn rẹ̀ di tín-ín-rín. Àwẹ̀ró mọ̀ pé bí ọmọ yìí kò bá rí oorun sùn, yóò kú.

Ní òwúrọ̀ kan, ó rí Ẹyẹlé tó ń di ẹrù.

"Ẹyẹlé, níbo lò ń lọ?"

"Mò ń kó lọ ni. Ilé tí kò tòrò, èmi ò lè bá wọn gbé e. Wọ́n ní Ọba kan ń bẹ lẹ́yìn òkè keje, ọwọ́ rẹ̀ ni àlàáfíà wà."

Àwẹ̀ró pọn ọmọ, ó gbé igbá olómorí, ó tẹ̀lé Ẹyẹlé. Ó ń sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Ìwọ̀nba tí yóò kárí yàrá mi ni n óò bù. N óò ti ilẹ̀kùn gbọnyin, kí Ẹ̀fúnyẹmí má baà jẹ nínú rẹ̀."

Ó rìn, ó rìn, ó gun òkè keje. Ó bá ẹnubodè kan tó ga débi pé ó fi ọwọ́ di gèlè mú kó tó rí òkè rẹ̀. Kò sí ẹ̀ṣọ́ níbẹ̀. Àwẹ̀ró bá fi orin bọ ẹnu. Ẹ bá mi gbè é!

*Onílẹ̀kùn, ṣílẹ̀kùn fún mi o,*
*Jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́.*
*Ọmọ ẹ̀yìn mi ò rí oorun sùn o,*
*Jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́.*
*Asọ̀ ò tán nílé wa o,*
*Jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́.*

Ohùn kan dáhùn láti inú, "Ta nìyẹn?"

"Èmi Àwẹ̀ró ni, èmi àti ọmọ mi."

"Ẹni tí ẹ jọ ń jà dà?"

Àwẹ̀ró kàn gbé igbá rẹ̀ sókè. Ilẹ̀kùn kò mira.

Ó kọrin lẹ́ẹ̀kejì. Ohùn náà tún bi í, "Ẹni tí ẹ jọ ń jà dà?"

"Kábíyèsí, ìkà ni! Ọwọ́ rẹ̀ ni ọmọ ọlọ wà!"

Ilẹ̀kùn kò mira.

Ó fẹ́ kọrin lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbọ́ igbe Ìtùnú lẹ́yìn rẹ̀, ó ti di wínniwínni. Ó bú sẹ́kún. "Ẹ̀fúnyẹmí ni orúkọ rẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ gbé ọlọ sá. N kò lè mú un wá, Kábíyèsí. Ìjà náà ti kọjá agbára mi."

Gbàgà! Ilẹ̀kùn ṣí. Ìmọ́lẹ̀ tó jáde kì í ṣe ti oòrùn, kì í ṣe ti àtùpà. Ọmọ Ọba, ọ̀kan ṣoṣo tí Ọba bí, jáde láìwọ bàtà. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀.

"Àwẹ̀ró, dìde. Ó yá, ká lọ sílé yín."

"Olúwa mi, igbá ni mo gbé wá. Ẹ kúkú bu àlàáfíà fún mi."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kì í gba inú igbá."

Ni wọ́n bá jọ ń lọ, Ẹyẹlé ń fò tẹ̀lé wọn. Wọn ò tíì wọ agbo ilé tán tí Ẹ̀fúnyẹmí fi jáde. "O lọ fẹjọ́ mi sùn, àbí?" Ó mú ọmọ ọlọ, ó gbé e sókè. Àwọn ará ìlú ti gbé àpótí dé. Ẹ̀fúnyẹmí sọ ọ́ sí Àwẹ̀ró. Ọmọ Ọba bọ́ sáàárín.

Gbì! Iwájú orí ni ó bà á. Ó ṣubú.

"Yéè! Ìyá Àgbà, ṣé ó kú?"

"Ẹ dákẹ́ ná."

Ìlú pa lọ́lọ́. Àkùkọ gbàgbé òjìji rẹ̀. Ó pẹ́, ó pẹ́ gan-an, kí Ọmọ Ọba tó dìde. Ó he ọmọ ọlọ, ó fi aṣọ ara rẹ̀ nu ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀.

"Ọlọ dà?"

Àwẹ̀ró sáré gbé e wá. Bí Ọmọ Ọba ti ń gbé ọmọ ọlọ lé e, àwọn obìnrin méjèèjì rí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Àpá ògbólógbòó ọgbẹ́ wà níbẹ̀, lọ́tùn-ún, lósì.

Ẹ̀fúnyẹmí bi í pé, "Ta ló ṣe yín báyìí?"

"Àwọn tí mo là níjà ni."

"Ẹ ò wá ní gbẹ̀san lára mi?"

"Ara mi ni ìjà yín parí sí."

Ẹ̀fúnyẹmí kúnlẹ̀. "Ìyálé mi, ẹ dákun." Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti pè é bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

"Ìyàwó mi," ni Àwẹ̀ró wí, "wá lọ ata rẹ ṣáájú."

Ọ̀kan ń ta omi sí i, èkejì ń lọ̀ ọ́. Kùrù, kùrù, kùrù. Lójijì, Àwẹ̀ró rí i pé ẹ̀yìn òun dákẹ́. Ó fi ìbẹ̀rù tú ọ̀já. Ó gbé ọmọ síwájú, orí ọmọ yẹ̀ sápá rẹ̀.

Ìtùnú ń hanrun.

Wọ́n yíjú padà láti dúpẹ́, wọn ò bá Ọmọ Ọba mọ́. Ẹyẹlé ló kù lórí àjà, ó ti ń tú ẹrù rẹ̀.

"Ìyá Àgbà, níbo ló lọ?"

"Ibi tí wọ́n bá ti ń jà. Àárín ni kí ẹ ti wá a, ẹ má wá a síbi àpótí. Àlọ́ mi kọ́ wa pé ènìyàn kì í dá àlàáfíà ní, kí ọ̀tá rẹ̀ má ní in. Ó sì kọ́ wa pé ẹnì kan ti fi orí gbọgbẹ́ nítorí wa, ká yéé jà. Ta ló wá ni ẹní yẹn báyìí?"

Àwọn ọmọ méjì náà rọra sún mọ́ ara wọn lórí ẹní náà.

"Bí mo bá parọ́, kí ọlọ ilé mi má dún mọ́. Bí ó bá ṣe pé òótọ́ ni mo sọ, ẹ bá mi lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta!"

"Kùrù! Kùrù! Kùrù!"