Bí Ìjàpá Ṣe Lá Ẹ̀kọ Orí Aṣọ

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó yí dé ìdí ìkòkò aró, ó rì sínú rẹ̀ jàbú, ó wá léfòó lórí Ìjàpá ọkọ Yánníbo.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ dá mi lóhùn. Ta ló wọ aṣọ alárà, tí kì í bọ́ ọ bó bá ń sùn, tí òjò ń pa á, tó ń yí nínú ẹrẹ̀, síbẹ̀ tí àwọ̀ aṣọ náà kò ṣí? Ẹ̀yin tí ẹ pariwo "Ìjàpá" yẹn, ẹ gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ kò mọ ẹni tó pa aṣọ náà láró fún un, ẹ kò sì mọ ohun tó jí kó tó rí i wọ̀. Ìwọ, yé fi ìgúnpá gún ẹnì kejì rẹ, kó o gbọ́ tèmi.

Ní ọdún kan, òjò kọ̀, kò rọ̀. Iṣu kò ta, àgbàdo gbẹ lórí ìdúró. Gbogbo ẹranko mú ìgbànú, wọ́n fi fún ikùn wọn pinpin. Ìjàpá nìkan ni kò rí tirẹ̀ fún, nítorí ikùn Ìjàpá kì í gba àṣẹ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ebi ń lé e kiri, ló bá gba ẹ̀yìnkùlé ẹyẹ Awó kọjá. Awó yìí ló ń pa aṣọ láró fún gbogbo àdúgbò. Ìjàpá gbọ́ òórùn kan, ó dúró. Ó fa imú. Òórùn ẹ̀kọ láfún ni!

Ó na ọrùn wo inú ọgbà. Ìkòkò ẹ̀kọ kan rèé, ooru ń jáde lórí rẹ̀. Awó jókòó tì í, ó fa ìyẹ́ kan yọ lára ara rẹ̀, ó tì í bọ inú ẹ̀kọ, ó ń fi kọ ilà sára aṣọ funfun. Ilà kan gba ìhín, ilà kan gba ọ̀hún, ẹ̀kọ ń tán lọ nínú ìkòkò. Omi bọ́ lójú Ìjàpá. Nínú ìyàn yìí, aṣọ ń jẹ ẹ̀kọ, òun Ìjàpá ń jẹ afẹ́fẹ́!

"Ìyá Aláró, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ọkọ Yánníbo, òo. Kí ló gbé ọ dé ibi iṣẹ́ obìnrin?"

"Ẹ má bínú sí mi, ìyá mi. Ẹ̀kọ yẹn, ṣé aṣọ lẹ fẹ́ fi bọ́ ni?"

Awó rẹ́rìn-ín títí orí rẹ̀ fi ń mì. "Aṣọ kì í jẹ ẹ̀kọ. Ibi tí mo bá fi ẹ̀kọ sí, aró kò ní lè wọ ibẹ̀. Bí ẹ̀kọ bá gbẹ tán, màá ti aṣọ bọ ìkòkò aró. Tí mo bá wá họ ẹ̀kọ kúrò, ibi tí ẹ̀kọ wà á funfun láúláú, ibi yòókù á dúdú mìnìjọ̀. Ìyẹn là ń pè ní àdìrẹ."

"Irú aṣọ wo ló ń gba ẹ̀kọ jù?" Ìjàpá béèrè, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ìkòkò.

Awó fẹ́ràn kí wọ́n máa bi í nípa iṣẹ́ rẹ̀. "Má mú sányán wá bá mi o. Ilé tí kókòrò inú igbó kọ́ sórí igi ni wọ́n ti ń fa òwú sányán. Àwọ̀ ara rẹ̀ tó o, ó ń dán, ọjọ́ ńlá ni wọ́n ń wọ̀ ọ́. Ta ni yóò fi aró ba ìyẹn jẹ́? Aṣọ tí wọ́n fi ìko ara ọ̀pẹ ògùrọ̀ hun náà ńkọ́? Ó le ganringanrin, kò mọ omi mu, ṣe ni ẹ̀kọ á máa ṣí kúrò lórí rẹ̀. Òwú inú oko ni aró fẹ́, torí òwú ń mu omi. A ó ká a, a ó yọ kóró inú rẹ̀, a ó gbọ̀n ọ́n títí yóò fi fẹ́lẹ́, a ó ran án, a ó wá hun ún. Bí wọ́n bá hun ún ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ̀kọ díẹ̀ ló ń gbà. Ṣùgbọ́n kíjìpá!" Awó na apá rẹ̀ méjèèjì. "Kíjìpá nípọn. Aṣọ oko ni, aṣọ ìpọnmọ ni, ẹ̀gún kì í tètè ya á. Bí mo bá fẹ́ kọ ilà sí kíjìpá, ìkòkò ẹ̀kọ kan gbáko ló ń tán lórí rẹ̀."

Ìjàpá gbé itọ́ mì. "Kíjìpá ni mo fẹ́ o, ìyá mi. Mò ń bọ̀."

Ó sáré délé, bí Ìjàpá ṣe ń sáré náà kọ́, ó fa kíjìpá Yánníbo yọ lórí okùn. Yánníbo pariwo pé aṣọ kan ṣoṣo tí òun fi ń lọ oko nìyẹn. Ìjàpá ní kó fọkàn balẹ̀, pé òun fẹ́ sọ ọ́ di arẹwà láàárín àwọn obìnrin ni. Ó gbé e dé ọ̀dọ̀ Awó. Ó ní kó má ṣe ahun o, kí ó fi ẹ̀kọ sí i dáadáa.

Awó kọ ilà sí i, ẹ̀kọ nípọn lórí rẹ̀, ó sì tẹ́ ẹ sórí àpáta lẹ́yìnkùlé kí oòrùn lè gbẹ ẹ́.

"Ẹ máa lọ ro aró yín, ìyá mi," ni Ìjàpá wí. "Èmi á bá yín ṣọ́ aṣọ, kí ewé má já lé e, kí aláǹgbá má sáré gba orí rẹ̀. Èmi ọkùnrin kò kúkú gbọdọ̀ dé ìdí ìkòkò."

Òótọ́ ló sọ. Ní ìlú wọn, ọkùnrin kì í sún mọ́ ìkòkò aró. Wọ́n gbà pé bí ohùn ọkùnrin bá dún lẹ́nu ìkòkò, aró inú rẹ̀ á kú, àwọn obìnrin á sì lé ẹni náà kúrò nílùú.

Awó kò tíì yíjú tán tí Ìjàpá fi yọ ahọ́n. Ó lá ilà òsì, ó lá ilà ọ̀tún, ó lá àárín, ó tún padà wá wo igun bóyá nǹkan ṣẹ́ kù. Ó lá a títí ó fi kan òwú lásán. Nígbà tó ṣe tán, ó ká aṣọ náà dáadáa, ó fi ojú rẹ̀ sínú, ó gbé e lé Awó lọ́wọ́. Awó kò tú u wò. Ẹ̀kọ tó ti gbẹ lórí aṣọ funfun kì í hàn púpọ̀, aró sì ti pọ́n, ó ń retí aṣọ. Ọjọ́ mélòó kan ni Awó ti fi rẹ ewé ẹ̀lú gígún sínú omi eérú kó tó dé ibẹ̀ yẹn, kò fẹ́ kó kọjá àsìkò. Ó ti aṣọ bọ̀ ọ́.

Nígbà tó fà á yọ, tó gbé e jáde wá bá Ìjàpá, kíjìpá dúdú láti etí dé etí. Kò sí ilà kan ṣoṣo.

"Yéè!" Ìjàpá ká ọwọ́ lérí. "Aṣọ ìyàwó mi! Ìyá Aláró, irú ẹ̀kọ wo lẹ fi sí i?"

Ojú ti Awó. Ó bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní torí pé Ìjàpá fi sùúrù ṣọ́ aṣọ náà lábẹ́ oòrùn, kó kúkú máa wá bá òun ṣọ́ aṣọ láti ọjọ́ yẹn lọ. Ìjàpá ní òun á rò ó, ó sì ti dé ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa lọ́jọ́ kejì.

Ti Ọ̀yà ló kàn. Ọ̀yà ni olórí àwọn aláró, ìyá àgbà ni, kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó gbé aṣọ rẹ̀ wá, Awó kọ ilà sí i, Ìjàpá ṣọ́ ọ. Ẹ̀yin náà mọ bí ó ṣe ṣọ́ ọ. Aṣọ Ọ̀yà jáde, ó dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Awó," ni Ọ̀yà wí, "aṣọ méjì ti ṣòfò. Ẹ̀kọ rẹ ti bàjẹ́, ọwọ́ rẹ kò sì mọ iṣẹ́ mọ́. Bí ẹ̀kẹta bá tún rí báyìí, kó o fọ́ ìkòkò rẹ, kó o wá nǹkan mìíràn ṣe."

Inú mi kì í dùn bí mo bá dé ibí yìí. Ìkòkò yẹn, ìyá Awó ló fi sílẹ̀ fún un. Iṣẹ́ yẹn ló fi ń bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ jàǹtìrẹrẹ, kò sì mọ òmíràn. Awó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń sunkún. Ìjàpá jókòó tì í, ó ń bá a nu ojú, ó ní kó má sunkún mọ́, kó yáa lọ se ẹ̀kọ tuntun. Ẹ rí ojú burúkú!

Aṣọ kẹta, ti Àgbọ̀nrín ni. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń lọ sílé ọkọ, kíjìpá tí Àgbọ̀nrín fúnra rẹ̀ hun fún odidi ẹ̀ẹ̀rùn kan ni ọmọ náà fẹ́ fi máa pọnmọ. Awó sẹ́ láfún lẹ́ẹ̀mejì. Ó ro ẹ̀kọ títí kò fi ní kókó. Ó pín aṣọ náà sí ojú-ojú, ó fi ẹ̀kọ kun inú ojú kọ̀ọ̀kan, ó fi àlàfo tín-ín-rín sílẹ̀ láàárín wọn kí aró lè rí ibi wọ̀. Nígbà tó tẹ́ ẹ sórí àpáta, ó kọjú sí Ìjàpá.

"Ọkọ Yánníbo, lọ sinmi lónìí. Èmi, Ìyá Ọ̀yà àti Àgbọ̀nrín la máa ṣọ́ eléyìí."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sí abẹ́ igi, wọ́n tẹjú mọ́ àpáta.

Ìjàpá dágbére, ó gba iwájú ilé jáde. Ẹ̀kọ tó nípọn jù láti ọjọ́ yìí, kí òun máà tọ́ ọ wò? Ó yí ẹ̀yìn ilé po, ó fà gba inú koríko, ó yọ lẹ́yìn àpáta, ó ra wọ abẹ́ aṣọ. Ó yọ ahọ́n, ó lá òkè. Òwú gbígbẹ ló bá pàdé. Kíjìpá nípọn jù, ẹ̀kọ orí rẹ̀ kò kán dé ìsàlẹ̀. Ìjàpá kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi ẹnu gbá etí aṣọ mú, ó fà á bora, tí ojú tó ní ẹ̀kọ fi bọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ gẹ́lẹ́.

"Afẹ́fẹ́ ti ká aṣọ," ni Àgbọ̀nrín wí.

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ni Ọ̀yà dáhùn. "Eruku kò ní rí ẹ̀kọ náà."

Nínú aṣọ, Ìjàpá yí ọrùn, ó lá igun kan, ó dùn. Ó ní kí òun sún síwájú díẹ̀, kò lè sún. Oòrùn ti mú. Ẹ̀kọ láfún tó bá rí oòrùn, ṣe ló ń le, tó ń lẹ nǹkan mọ́ nǹkan. Aṣọ ti lẹ̀ mọ́ Ìjàpá lẹ́yìn pinpin. Ó fà, kò ṣí. Kó tó mọ ohun tó máa ṣe, ó gbọ́ ẹsẹ̀ Awó.

Awó ká aṣọ, ó gbé e. "Ìyá Ọ̀yà, kíjìpá yìí wúwo o!"

"Ẹ̀kọ ló mu yó," ni Ọ̀yà wí.

Wọ́n gbé e dé ẹnu ìkòkò. Ìjàpá ro ọ̀ràn náà wò. Bó bá pariwo, ohùn ọkùnrin ti dún nídìí aró nìyẹn, wọ́n á lé e nílùú. Bí kò bá pariwo, aró ni yóò mu. Ó pa ẹnu dé.

Jàbú! Aró wọ imú Ìjàpá, ó wọ etí. Awó fa aṣọ yọ. Bí aṣọ bá kọ́kọ́ jáde nínú aró, bí ewé tútù ló ń rí, díẹ̀díẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń sọ ọ́ di dúdú. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Ìjàpá mí sínú, ó ní ó ti parí. Jàbú! Ó di ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ó gbé aró mì bí ẹni ń mu ẹ̀kọ, ó korò burúkú. Nígbà tí Awó gbé e sókè, tó sì tún ń sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, Ìjàpá kò lè mú un mọ́ra. Ó fi orin bọnu. Ẹ bá mi gbè é, "aró jìn o, aró jìn."

Awó, Awó, fà mí yọ!
*Aró jìn o, aró jìn.*
Ẹ̀kọ díẹ̀ ni mo wá lá,
*Aró jìn o, aró jìn.*
Imú mi kún, ẹnu mi kún,
*Aró jìn o, aró jìn.*
Yánníbo kò mọ ibi mo wà,
*Aró jìn o, aró jìn.*

Awó ju aṣọ sílẹ̀, ó fò sẹ́yìn. Àgbọ̀nrín ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó rántí pé aṣọ òun ló wà níbẹ̀. Ọ̀yà nìkan ló dúró. Ó fi ẹnu fa etí aṣọ, ó ṣí i wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, Ìjàpá bọ́ sílẹ̀ kì!

"Ìwọ!" ni Awó wí. Gbogbo rẹ̀ yé e lójú ẹsẹ̀: aṣọ Yánníbo, aṣọ Ọ̀yà, àti ojú tó bá òun nù.

"Ẹ lé e!" ni Àgbọ̀nrín ń pariwo. "Ó ti pa aró! Ẹ lé e kúrò nílùú!"

Lóòótọ́, aró inú ìkòkò ti dákẹ́, kò hó mọ́. Ṣùgbọ́n Ọ̀yà kò wo ìkòkò. Ẹ̀yìn Ìjàpá ló ń wò. Ẹ̀kọ tó lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀yà fi èékánná họ ojú kan. Abẹ́ rẹ̀ mọ́ kedere, aró kò kàn án. Ó họ òmíràn, bákan náà ni. Láàárín wọn, aró ti kọ ilà dúdú gbọọrọ-gbọọrọ. Ó tú aṣọ Àgbọ̀nrín wò, ojú kan kò bàjẹ́ lára rẹ̀, àfi igun kékeré tí ahọ́n ti dé.

"Awó," ni Ọ̀yà wí, ohùn rẹ̀ rọ̀, "ẹ̀kọ rẹ dára. Ọwọ́ rẹ kò yẹ̀. Èmi ni mo ṣì ọ́ dá lẹ́jọ́. Má bínú."

Awó tún bú sẹ́kún, ṣùgbọ́n ẹkún ìdùnnú ni. Ìjàpá dojú bolẹ̀, ó ní kí wọ́n fojú àánú wo òun, ibo ni òun fẹ́ gbé Yánníbo gbà? Wọ́n wo Awó pé kó sọ tẹnu rẹ̀.

"Kó gún ẹ̀lú tí màá fi po aró tuntun," ni Awó wí. "Kó gún èyí tí màá fi pa aṣọ mìíràn fún Yánníbo mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, ẹ má lé e. Kó máa rìn kiri gbogbo ìlú, kó máa rọra rìn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ mi dára, kó wo ẹ̀yìn Ìjàpá."

Bẹ́ẹ̀ ni Ìjàpá gún ẹ̀lú títí apá fi ń ro ó. Ó wọ odò, ó fi kànìnkànìn ha ẹ̀yìn, ilà kò ṣí. Ibi tó bá yà sí, àwọn obìnrin á dá a dúró, wọ́n á tẹ̀ wo ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n á béèrè ọ̀nà ilé Awó.

Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn Ìjàpá fi pín sí ojú-ojú títí dòní, tí àárín ojú kọ̀ọ̀kan mọ́, tí ilà dúdú sì yí i ká. Òun náà nìdí tó fi ń fa orí wọlé bó bá ti rí ẹni tó tẹjú mọ́ ọn lẹ́yìn.

Àlọ́ mi ti délé, ó ti sọ ẹrù. Bí mo bá fi irọ́ kún un, ẹ pè mí kí n má lè jẹ́. Ó yá, ẹ pè mí.

Ìyá àgbà!

Òoo! Ṣé ẹ gbọ́? Mi ò purọ́.