Òkúta Ọpẹ́ ní Ẹnu Odò Sálímọ́ńdì

Ní ìgbà láéláé, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi ṣì jẹ́ igi àti aṣọ nìkan, ìlú kan wà létí òkun ní ìhà àríwá ilẹ̀ àwọn òyìnbó, níbi tí òtútù ti ń bu ènìyàn jẹ bí ajá. Sálímọ́ńdì ni orúkọ rẹ̀. Omi ló bí i, omi ló sì ń bọ́ ọ. Odò kan la àárín rẹ̀ kọjá lọ sínú òkun, àwọn ilé bíríkì pupa sì tò sí bèbè odò náà lọ́tùn-ún lósì bí eyín. Irun àgùntàn ń wọlé, aṣọ ń jáde. Iyọ̀ ń wọlé, ẹja gbígbẹ ń jáde. Àwọn ará ibẹ̀ gbọ́n lọ́jà, wọ́n sì lawọ́ sí àlejò, ṣùgbọ́n ohun tí baba wọn bá ti ṣe rí, iná kò lè jó o kúrò lọ́wọ́ wọn.

Àṣà kan wà tí wọ́n dì mú jù. Ọkọ̀ tí ẹrù rẹ̀ kò bá tó a máa kó òkúta sí ikùn, kí ìjì má baà dojú rẹ̀ dé. Bó bá dé ẹnu odò láyọ̀, àwọn tó wà nínú rẹ̀ a ju òkúta náà sómi, wọ́n a sì hó pé, "Omi, a dúpẹ́ o!" Ẹni tí òkúta rẹ̀ bá tóbi jù ni wọ́n ń kà sí ẹni tó moore jù.

Góṣùwínì ni ó ń fi ọ̀nà han àwọn ọkọ̀ lẹ́nu odò náà: a-wo-ojú-omi-mọ-inú-omi, ọkùnrin tó ń mú ọ̀pá gígùn lọ́wọ́ bí ọba tó mú ọ̀pá àṣẹ, tí ìgbì ń rí tí ń yà fún. Nígbà èwe rẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ kì í kan ìsàlẹ̀. Nígbà tó pé ogójì ọdún, ó ń kan òkúta níbi gbogbo, gbà, gbà. Ó mọ̀ pé bí ẹnu odò bá dí, ìlú kú. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a. Ó gba gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀ lọ.

"Ẹ̀yin àgbà ìlú, mo kí yín," ni ó wí. "Ilé tí a fi ọpẹ́ dí lẹ́nu ọ̀nà, níbo ni onílé yóò gbà wọlé? Ọ̀nà tó kù fún wa kò ju kí ọkọ̀ kan kọjá lọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká máa da òkúta sórí ilẹ̀."

Réníérì, oníṣòwò tó jẹ́ olórí ìgbìmọ̀, fọwọ́ pa ikùn. "Góṣùwínì, ta ló ń dúró lórí ilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ omi?"

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

"Olórí, omi kò bèèrè òkúta lọ́wọ́ wa."

"Ó sọ fún ọ?"

"Ojoojúmọ́ ló ń sọ ọ́."

"Ó dáa. A ó rán ènìyàn mẹ́fà lọ wò ó."

"Nígbà wo, olórí?"

"Bí òtútù bá lọ."

Òtútù lọ, ó dé, ó tún lọ. Àwọn mẹ́fà náà wá. Wọ́n wo omi, omi ń dán. Wọ́n ní àwọn kò rí òkúta kankan.

"Inú omi ló wà!" ni Góṣùwínì pariwo.

"Ṣebí ibẹ̀ náà la jù ú sí," ni èyí tó dàgbà jù dáhùn, wọ́n sì lọ jẹun.

Ọdún méje ni ó fi ń lọ sí gbọ̀ngàn náà, ọdún méje ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi ń ṣubú sílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó yá, ó mú ìkọ́ àti okùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí fa òkúta jáde fúnra rẹ̀.

Lísíbẹ́tì, ìyàwó rẹ̀, dúró létí omi. "Baálé mi, ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí."

"Ṣé kí n sọ ọ́ kalẹ̀ ni?"

"Rárá. Sún sọ́hùn-ún." Ó sì bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré náà.

Bí wọ́n bá fa méjìlá jáde lóòjọ́, àwọn ọlọ́kọ̀ a ju ọgọ́rùn-ún sí i. "Góṣùwínì, olè òkúta!" ni wọ́n ń ké. "Ṣé ilé lo fẹ́ fi kọ́?"

"Ilé tiyín ni mo fẹ́ gbà là!"

Lọ́jọ́ kan, ó fa òkúta kan láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Kò tíì nu òógùn tán tí ọkọ̀ kan fi ju òmíràn sí ojú ibẹ̀ gan-an. Ó jókòó, ó sì sunkún, kì í ṣe ti ìbànújẹ́ bí kò ṣe ti ìbínú.

Ní ọdún tí ọjà kò tà, ọkọ̀ méjìlá ń bọ̀ láti òkèèrè, òkúta ló kún ikùn wọn, Réníérì sì wà nínú àkọ́kọ́. Ìjì dé bá wọn lẹ́nu odò. Góṣùwínì nìkan wa ọkọ̀ kékeré rẹ̀ lọ síbi tóóró tó ṣì jìn, ó na aṣọ pupa sórí ọ̀pá.

"Gbà wá o!" ni Réníérì ké.

"Ẹ yà sọ́tùn-ún! Aṣọ pupa ni kí ẹ wò, ẹ má wo ìgbì!"

Ọkọ̀ kan wọlé. Èkejì wọlé. Títí dé ìkọkànlá, kò sí èyí tó fọ́. Ìkejìlá náà wọlé, ayọ̀ sì gba orí àwọn tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n gbé òkúta tó tóbi jù, wọ́n hó pé, "Omi, a dúpẹ́ o!" wọ́n sì jù ú.

Inú ọkọ̀ Góṣùwínì ló bọ́ sí.

Báyìí ni akọni ẹnu odò ṣe lọ. Ìlú sunkún, ẹkún tòótọ́ ni. Réníérì dìde ní gbọ̀ngàn, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Kò sí ẹni tó ṣe wá lóore tó báyìí rí. Láti òní lọ, ọkọ̀ tó bá kọjá níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ju òkúta tó tóbi jù sí ojú ibi tó rì sí, ní ìrántí rẹ̀."

Lísíbẹ́tì dìde. "Olórí, ohun tó pa á lẹ fẹ́ fi rántí rẹ̀?"

"Ìyá wa," ni Réníérì wí jẹ́jẹ́, "ọ̀fọ̀ ló ń dà yín láàmú. Ẹ jókòó."

Kò tó ogún ọdún tí ẹnu odò fi dí. Iyanrìn dì mọ́ òkúta, koríko hù lórí iyanrìn, òkun sì fà sẹ́yìn. Òkìtì Góṣùwínì ni wọ́n ń pe ibẹ̀, àgùntàn ló sì ń jẹko lórí rẹ̀. Àwọn ará Sálímọ́ńdì fẹ́ràn òkìtì náà púpọ̀. Bí àlejò bá bi wọ́n pé níbo ni òkun wà, wọ́n á ní kó gun orí rẹ̀, yóò rí i lọ́ọ̀ọ́kán.