Ogún Ọ̀pẹ Tó Sọ Ẹ̀gà Di Aláriwo

Nígbà láéláé, ẹ̀gà kì í pariwo. Ẹ má rẹ́rìn-ín, òótọ́ ni mò ń sọ! Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ìyàwó tuntun, imọ̀ orí ọ̀pẹ tí wọ́n ń gbé a sì máa ṣú dẹ̀dẹ̀.

Baba Ẹ̀gà ló ni ọ̀pẹ tó ga jù létí odò. Ìyàwó méjì ló fẹ́. Àwẹ̀ró, ìyálé, bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo, Àtọ́kẹ́. Ṣẹ̀gilọlá, ìyàwó kékeré, ń bímọ bí ẹni ń da àgbàdo sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Baba Ẹ̀gà hun ilé tuntun fún Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró wò ó lọ, ó wò ó bọ̀.

"Baálé mi, ẹnu ọ̀nà ilé yìí kọjú sókè. Ṣé ẹ fẹ́ kí òjò máa wẹ̀ wá lórí ẹní ni?"

Inú bí Baba Ẹ̀gà. "Èmi lo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́? Kó ẹrù rẹ, máa lọ ilé bàbá rẹ! Mo kọ̀ ọ́ sílẹ̀!"

Àwẹ̀ró kó ẹrù, ó fa Àtọ́kẹ́ lọ́wọ́, ó di orí ọparun ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n náà kò sì jẹ́ kí wọ́n rímú mí.

Odídẹrẹ́, ọ̀rẹ́ Baba Ẹ̀gà, wá bá a. Ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó bá wọ etí odídẹrẹ́ kì í sọnù.

"Ọ̀rẹ́ mi, ẹnu lásán kì í tú ìgbéyàwó ká. Ṣé àwọn àna rẹ gbọ́ sí i? Ṣé wọ́n dá ìdáná rẹ padà? Ṣé ẹ ti dé iwájú adájọ́?"

"Ó di ọjọ́ mìíràn."

"Ọ̀pẹ yìí ńkọ́? Àgbà ti dé sí ọ. Sọ bí o ṣe fẹ́ kí àwọn ọmọ pín in, lójú èmi àti àwọn àgbà, kí wọ́n má baà jà."

Ha! Baba Ẹ̀gà fò sókè. "Ṣé o fẹ́ kí n kú ni?"

Ìgbàkígbà tí Odídẹrẹ́ bá tún bi í, èsì kan náà ni. Ṣùgbọ́n ikú kò kúkú dúró de ọjọ́ mìíràn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Baba Ẹ̀gà jẹ ẹyìn yó, ó sùn, kò jí mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Àtọ́kẹ́ wá bá àwọn ọmọ Ṣẹ̀gilọlá.

"Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa ní ibi tí èmi àti màmá mi máa so ilé mọ́. Ilé onílé ti sú wa."

Àkànmú, àkọ́bí Ṣẹ̀gilọlá, yínmú. Kò tilẹ̀ pè é ní ẹ̀gbọ́n. "Bàbá ti kọ ìyá rẹ sílẹ̀. Ogún wo lo wá ń bèèrè?"

Ni wọ́n bá gba ọ̀dọ̀ Lékèélékèé lọ, adájọ́ àwọn ẹyẹ, aláṣọ funfun. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, bó ṣe máa ń ṣe tó bá ń ro ẹjọ́.

"Àwẹ̀ró, ṣé àwọn ènìyàn rẹ dá ìdáná padà?"

"Kò sẹ́ni tó bi wá, olúwa mi."

"Ìgbéyàwó yín kò tíì tú nìyẹn. Ká tilẹ̀ ní ó tú, ọkọ àti aya ló ń kọ ara wọn sílẹ̀, bàbá kì í kọ ọmọ. Àtọ́kẹ́ ní ogún."

Inú Àtọ́kẹ́ dùn dé góńgó. Àmọ́ báwo ni wọ́n á ṣe pín in?

"Ìdí igi ni!" ni Àtọ́kẹ́ wí. "Ìyá méjì, ọ̀nà méjì. Ìdajì ni ti ìdí ìyá mi."

"Ó tì o! Orí ò jorí ni!" ni Àkànmú dáhùn. "Ká ka orí, kí kálukú gba dọ́gba. Ìwọ nìkan, ìdajì ọ̀pẹ? O ò bẹ̀rù Ọlọ́run!"

Lékèélékèé ní, "Ìdí igi ni àṣà. Bó bá fẹ́ dìjà, àwọn àgbà ẹbí lè ní kí ẹ ṣe orí ò jorí. Ṣùgbọ́n bí bàbá yín bá ti sọ̀rọ̀ kó tó lọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ la máa wò. Ta ló gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀?"

"Èmi ni," ni Odídẹrẹ́ wí.

Lékèélékèé na ọrùn sí i.

"Kí ló sọ nípa ọ̀pẹ yìí?"

Odídẹrẹ́ tún ọ̀fun ṣe. Ohùn Baba Ẹ̀gà gan-an ló jáde: "Ṣé o fẹ́ kí n kú ni?"

Adájọ́ ta gìrì. "Rárá o, kì í ṣe èmi! Mo ní kí ló sọ?"

"Ó di ọjọ́ mìíràn."

Ẹ̀rín fẹ́ pa àwọn ẹyẹ. Àtọ́kẹ́ nìkan ni omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Bí Àkànmú ti rí i pé bàbá kò fi ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀, ó fò lọ sórí ọ̀pẹ, ó ya imọ̀ kan fààà. "Èmi ti mú tèmi!" Làwọn àbúrò rẹ̀ bá ya bo igi náà. Àtọ́kẹ́ náà ń ya, ó ń sunkún, ó ń ké "Ìdí igi! Ìdí igi!" Kí adájọ́ tó gbé ẹsẹ̀ kejì sílẹ̀, ọ̀pẹ ti pá.

Àwẹ̀ró, tó ti lọ kó ẹrù wọn látorí ọparun, sáré dé pẹ̀lú ẹrù lórí. Ó wòkè.

"Ibo la wá fẹ́ so ilé mọ́ báyìí?"

Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Wọ́n ti ń pariwo lọ sórí ọ̀pẹ mìíràn.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀gà ti ń ya imọ̀ ọ̀pẹ, tí ariwo wọn kò sì dáwọ́ dúró. Apá kan ń ké ìdí igi, apá kejì ń ké orí ò jorí. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fẹnu kò lé lórí ni pé ẹnu ọ̀nà ilé gbọ́dọ̀ kọjú sísàlẹ̀, bí Àwẹ̀ró ti wí.

Ẹ̀yin ọmọ, bàbá yín ń bọ̀ láti oko o. Bí ẹ bá ní ohun tí ẹ fẹ́ bi í nípa ogún, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ jẹun yó.