Ẹja Gbígbẹ Létí Òkun

Mosúnmọ́lá nìkan ni ọmọbìnrin tí ìyá Ọdẹ́wálé bí. Apẹja kan tó ń jẹ́ Orímisàn ló fẹ́ ẹ lọ sí abúlé kan létí òkun, níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé sórí òpó nínú omi. Nígbà tí àìsàn dá ìyá wọn dúbúlẹ̀, orúkọ rẹ̀ nìkan ló ń pè. "Ọdẹ́wálé, lọ bá mi mú un wá, kí n tó pa ojú dé." Ọdẹ́wálé, àgbẹ̀ tí kò wọ ọkọ̀ ojú omi rí, bá gbọ̀nà odò.

Àwọn ará abúlé yẹ́ ẹ sí, kí á má purọ́. Wọ́n bu omi fún un, wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n ń kí i kú ewu ọ̀nà.

"Mosúnmọ́lá dà?"

Orímisàn wolẹ̀. "Kò sí nílé, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹun ná."

Wọ́n gbé òkèlè púpurú àti ẹja gbígbẹ kalẹ̀. Ọdẹ́wálé bú sẹ́rìn-ín. "Háà, ẹ̀yin àna mi! Etí òkun lẹ wà, ẹja gbígbẹ lẹ fi ń ṣe mí lálejò? Ọ̀lẹ yín mà pọ̀ o!" Ó nawọ́ sí àwọn ọkọ̀ tí wọ́n dojú wọn dé lọ́sàn-án gangan, àti àwọ̀n tó gbẹ táútáú lára òpó. "Àbí torí tèmi lẹ ṣe gba ìsinmi?"

Gbogbo wọn dorí kodò. Ó ní ojú ló ń tì wọ́n, kí òun fi ijó dá wọn lára yá kí òun tó jẹun. Ó pàtẹ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Yéè! Àwọn obìnrin ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀, wọn ò lè wo ojú rẹ̀.

Ó ń jó lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ̀ kan ṣoṣo yọ láti ojú òkun. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ gbé ẹnì kan tí wọ́n faṣọ bò sọ̀kalẹ̀. Orímisàn ṣubú lé e, ó ń pe orúkọ ìyàwó rẹ̀.

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?" Ọdẹ́wálé figbe ta.

Baálẹ̀ dì í mú. "Ọmọ mi, ìjì ló dojú ọkọ̀ Mosúnmọ́lá dé. Níhìn-ín, a kì í sọ irú rẹ̀ fún àlejò tí kò tíì jẹun. Bẹ́ẹ̀ ni a kì í dẹ àwọ̀n sínú omi tó bá gbé èèyàn, àfi tí a bá rí òkú. A rò pé o ti rí àmì rẹ̀. Ta ló ń jẹ ẹja gbígbẹ nílé apẹja?"

"Mo rí i, Baba. Mo rí gbogbo rẹ̀, mo sì ń jó!" Ó wó lulẹ̀, ó ń sunkún. "Ẹnu wo ni màá fi sọ fún ìyá mi?"

Nígbà tó padà délé, ìyá rẹ̀ gbé orí sókè lórí ẹní, ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ṣì ń bọ̀. Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ti ń sọ ọ́ pé, àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.