Ìdí Tí Gbogbo Ẹ̀gà Fi Kó Ara Wọn Jọ Sórí Ọ̀pẹ Kan

Nígbà láéláé, kí ọ̀nà oko tó ní orúkọ, ẹ̀gà kan kì í bá ẹ̀gà kejì gbé orí igi. Igi kan, ẹ̀gà kan! Bí ẹnì kan bá fẹ́ sún mọ́ wọn, wọn á yọ ṣùtì sí i, wọn á ní àwọn kò lè máa gbọ́ híhanrun aládùúgbò.

Wọ́n tún ní àṣà kan. Ọkọ ni ń hun ilé, ìyàwó ni ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ìyàwó bá wọlé, tó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ rẹ̀ wò, tó sì mi orí, ó parí nìyẹn. Ọkọ á fi ilé náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, á fò lọ hun òmíràn sórí igi mìíràn. Ilé òfìfo wá rọ̀ dirodiro káàkiri, lórí ìrókò, lórí agbálùmọ̀, lórí ọsàn. Gbogbo ọ̀pẹ inú igbó ni wọ́n ti fa imọ̀ rẹ̀ ya.

Nínú gbogbo ẹ̀gà, kò sí ẹni tó mọ ilé hun bíi Àjàmú. Ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró, ọmọge tó ń fẹ́, kò yéé mi orí.

"Èyí dúdú jù," Àwẹ̀ró á wí. "Èyí ń mì jù. Ẹnu ọ̀nà èyí kọjú sí òjò."

Àjàmú ṣáà ń hun, inú rẹ̀ ṣáà ń dùn. Ó dá a lójú pé èyí tó ń bọ̀ ni Àwẹ̀ró máa gbà!

Wàhálà ibẹ̀ ni pé igi ti tán, àfi ọ̀pẹ ńlá kan létí abúlé tí wọ́n ń sá fún nítorí ariwo ènìyàn. Pápá kan ṣoṣo ló kù, níbi tí gbogbo ẹyẹ ti ń jẹ èso koríko. Ibẹ̀ náà ni Ìyá Àparò ń gbé. Àparò kì í gbé orí igi. Ilẹ̀ ló ń yé ẹyin sí, inú koríko gíga ló ń kó ọmọ pamọ́ sí. Láàárín pápá náà ni ọ̀pẹ kékeré kan dúró sí.

"Háà! Ilẹ̀ òfìfo!" Àjàmú kígbe. Ó fò wálẹ̀ fìrì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya koríko.

Ìyá Àparò sáré jáde. Nígbà náà, ìrù rẹ̀ gùn, ó ń wọ́ tẹ̀ lé e bí ìró ìyàwó tuntun.

"Àjàmú! Ta ló sọ fún ọ pé ilẹ̀ yìí ṣófo? Ṣé o ò rí èmi àtàwọn ọmọ mi ni?"

"Ẹ má bínú, Ìyá. Mi ò rí ilé kankan níbí ni."

"Koríko yẹn ni ilé mi! Bí o bá ya á tán, níbo ni kí n kó ọmọ sí tí Àṣá bá dé?"

"Díẹ̀ ni n ó ya, Ìyá. Ilé kan péré!"

Kò tilẹ̀ dúró gbọ́ èsì. Ó ń ya, ó ń hun, ó ń kọrin. Nígbà tí ilé parí lórí ọ̀pẹ kékeré náà, gbogbo ìdí ọ̀pẹ náà ti di ilẹ̀ gbalasa. Àwẹ̀ró dé, ó wọlé, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò. Àwẹ̀ró yọ orí síta, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Háà! Ó fẹ́ gbà á!

Àfi bí òjìji kan ṣe kọjá lórí ilẹ̀. Àṣá!

Ọmọ Àparò kan wà lórí ilẹ̀ gbalasa náà. Ó sá síbí, ó sá sọ́hùn-ún, kò rí koríko tó máa wọ̀. Àjàmú la ẹnu kó kígbe, ohùn kò jáde. Àṣá já wálẹ̀. Ìyá Àparò fò lé ọmọ rẹ̀, ó fi ara bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí Àṣá gbéra, ìrù Ìyá Àparò ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ pátá.

Ọmọ náà yè. Gbogbo ẹyẹ sáré dé.

"Ìwọ lo kọ́kọ́ rí i!" Ìyá Àparò ń sunkún, inú sì ń bí i. "Kí ló dé tí o ò pariwo?"

Ojú ti Àjàmú gan-an. "Ìyá, bí ẹ̀rù bá ba ẹ̀gà, ohùn rẹ̀ á wọlé ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá wa. Mo dákẹ́ lóòótọ́."

"O dákẹ́! Ẹ̀gà kan ṣoṣo dákẹ́ nínú pápá, ta ló máa mọ̀?"

Ni Àwẹ̀ró bá fò sókè. "Mo ti rí i! Mo ti rí i! Ká ní gbogbo wa wà lórí igi kan, tí à ń pariwo láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ńkọ́? Bí gbogbo wa bá dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, adití gan-an á mọ̀!"

Àkàngbé, àgbà ẹ̀gà, fara ya. "Èmi? Kí n máa bá àna mi gbé orí igi kan? Ká máa gbọ́ ìjà ara wa?"

"Ẹ̀yin náà lẹ máa bẹ̀rẹ̀ ìjà ọ̀hún, Bàbá," Àwẹ̀ró fèsì. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n bí a bá kọ́lé kún inú pápá yìí, kí la máa jẹ? Ṣé ilé òfìfo la máa jẹ ni?"

Àkàngbé pàápàá gbà. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n fẹnu kò. Ọ̀pẹ ńlá etí abúlé ni kí gbogbo ẹ̀gà máa hun ilé sí, imọ̀ tirẹ̀ nìkan ni kí wọ́n máa ya. Pápá jẹ́ ti gbogbo ẹyẹ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́lé síbẹ̀. Ilé tí ìyàwó bá kọ̀, kí ọkọ tú u palẹ̀, kó hun òmíràn síbẹ̀ gan-an.

Gbogbo ojú wá yí sí Àjàmú. Ilé tí Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín sí ńkọ́? Àárín pápá ló wà. Àjàmú wò ó. Kò hun ilé tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó wo ọmọ Àparò tó ń gbọ̀n lábẹ́ ìyẹ́ ìyá rẹ̀. Ó fò sókè, ó já okùn ilé náà, ilé já bọ́. Ó dùn ún wọ egungun.

"Lọ hun òmíràn," Àwẹ̀ró sọ fún un jẹ́jẹ́. "Èyí tí o bá hun sórí ọ̀pẹ yẹn, n ó wọ̀ ọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò."

Irọ́ ló pa o! Ó yẹ̀ ẹ́ wò tinú tẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ó wọ̀ ọ́.

Láti ọjọ́ náà ni ìrù àparò ti kúrú. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀gà ti ń kóra jọ sórí ọ̀pẹ kan, tí wọ́n ń ya imọ̀ rẹ̀ títí á fi kù kìkì ọ̀pá, tí wọ́n sì ń pariwo bí ẹni pé ilé ń jó. Ìyá Àparò a máa jẹun tirẹ̀ lọ nínú pápá, a fetí sí wọn, ọkàn rẹ̀ a balẹ̀. Àmọ́ bí ọ̀pẹ náà bá pa lọ́lọ́ lójijì, kì í bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Á ti kó àwọn ọmọ rẹ̀ wọ inú koríko.