Àmù Ẹ̀yìn Ìlẹ̀kùn Àwẹ̀ró

Ilé Àwẹ̀ró ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn ná, nítorí àwọn kan wà tí wọ́n máa ń mi orí kí n tó sọ ìtàn yìí dé ìdajì. Aláró ni ní agboolé Òkè-Ẹ̀lú, ìyàwó Láníyọ̀nu tí ń gbé oko ẹgàn, tí kì í wálé ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Ìdájí ni obìnrin yìí ń jí. Á mú ìgbálẹ̀, á gbá ìdajì yàrá, á wá rántí pé kò sí igi ìdáná. Á forí lé ọ̀nà igi, á rántí lọ́nà pé aṣọ ọmọ òun ṣì wà nínú omi láti àná. Á padà wá fọ aṣọ, kò ní tíì fọ méjì tí òórùn ìkòkò aró yóò fi pè é. Nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, ó ti fọwọ́ kan gbogbo iṣẹ́ ilé, kò sì sí èyí tí ó parí nínú wọn. Ọjọ́ ń wọ inú ọjọ́ lójú rẹ̀ bí èéfín ṣe ń wọ inú èéfín, tí kò fi mọ èyí tí í ṣe àná mọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, òùngbẹ gbẹ Iyùnadé, ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin. Ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ni àmù omi mímu ń wà nínú gbogbo ilé ní Òkè-Ẹ̀lú, kò sì sí ọmọdé tí kò mọ̀ ọ́n. Àmù ti Àwẹ̀ró ti gbẹ láti ìjẹta. Òjò sì ń bọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, Àwẹ̀ró kò rí ibi tí yóò gbé ìkòkò omi eérú sí, ló bá sún un sí ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn níbẹ̀. Omi eérú yìí ni àwọn aláró ń dà sí ẹ̀lú kí aró lè mú aṣọ. Ó máa ń bó èèyàn lẹ́nu, ṣùgbọ́n nínú òkùnkùn ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn kò yàtọ̀ sí omi odò. Ọmọ ṣí ọmọrí, ó bù ú, ó gbé e sẹ́nu.

Orí ọmọ náà ló yọ ọ́, ìwọ̀nba ló gbé mì. Síbẹ̀ ètè rẹ̀ bó, ahọ́n rẹ̀ bó, ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni kò fi lè jẹ ohun mìíràn ju ẹ̀kọ tútù tí a pò. Ní ọjọ́ kẹwàá, ìyá ọkọ Àwẹ̀ró wá láti Ìsàlẹ̀-Odò. Ìyá àgbà náà kò pariwo. Ó pọn ọmọ sẹ́yìn, ó yọjú wo inú àmù gbígbẹ náà, ó sì sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́.

“Ìyàwó, mo mú ọmọ lọ. N ó mú un padà wá lọ́jọ́ kan, n kò ní sọ ọjọ́ náà fún ọ. Bí ó bá rí omi mu nínú ilé yìí lọ́jọ́ náà, mo fi í sílẹ̀ fún ọ. Bí kò bá rí, ọ̀dọ̀ mi ni yóò ti dàgbà.”

Ìyẹn ni ohun tí ó mú Àwẹ̀ró dé ọ̀dọ̀ Ìyá Ọ̀ṣúnníyì, àgbà obìnrin tí ń da owó ẹyọ ẹẹ́rìndínlógún lórí atẹ lẹ́bàá odò. Kò dá lọ. Àyìnkẹ́, ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀, aláró bíi tirẹ̀, bá a lọ. Ilé tirẹ̀ náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sàn ju ti Àwẹ̀ró lọ, aṣọ àwọn oníbàárà sì máa ń pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí wọn a fi wá bá a jà. Ìkùukùu bo ojú odò lọ́jọ́ náà. Àwẹ̀ró sọ lẹ́yìn náà pé òun kò mọ̀ bóyá òun rìn dé ibẹ̀ ni tàbí òun lálàá dé ibẹ̀.

Ìyá Ọ̀ṣúnníyì da ẹyọ. Márùn-ún ṣíjú, mọ́kànlá dojú dé. Odù Ọ̀ṣẹ́ ni. Ìyá gbé ohùn sókè díẹ̀, ó ní:

Ìrì sẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lórí ewé ẹ̀lú,
Oòrùn yọ, kò bá ìrì nílé mọ́.
A dá a fún obìnrin tí ó bẹ̀rẹ̀ ohun gbogbo ní òwúrọ̀,
Tí kò rí ọ̀kan mú dé ìrọ̀lẹ́.

Lẹ́yìn èyí ó bi Àwẹ̀ró léèrè ohun tí ó ṣe ní àná. Àwẹ̀ró ní gbogbo nǹkan ni òun ṣe. Ìyá ní èwo ló parí níbẹ̀. Omijé bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lójú Àwẹ̀ró.

“Ẹbọ ni o ó rú,” ni Ìyá wí. “Obì mẹ́rin, ẹyẹlé funfun kan, àmù tuntun kan. Apá tí ó rọrùn nìyẹn. Apá kejì ni iṣẹ́ mẹ́ta lójoojúmọ́.”

Àwẹ̀ró rò pé iṣẹ́ ni wọ́n tún fẹ́ fi kún iṣẹ́ òun. Ìyá mi orí.

“Gbọ́ mi, ọmọ mi. Iṣẹ́ ńlá mẹ́rin ló wà nínú ilé rẹ, ọjọ́ mẹ́rin ni àwọn òrìṣà sì pín ọ̀sẹ̀ sí. Ọjọ́ Ọbàtálá, fọ aṣọ. Ọjọ́ Awo, gbá ilé kí o sì pa ilẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ Ògún, wá igi. Ọjọ́ Jàkúta, sun eérú rẹ, kí o rẹ aṣọ oníbàárà. Ọ̀kan ni o ó ṣe lójúmọ́, o ó sì ṣe é parí. Mẹ́ta tí ó kù, má fọwọ́ kàn wọ́n. Jẹ́ kí wọ́n wà nílẹ̀ kí wọ́n máa wò ọ́. Mẹ́ta yẹn ni o fi rúbọ. Oúnjẹ kò lọ́jọ́, omi kò sì lọ́jọ́. Láràárọ̀, kí o tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn, ẹni yòówù kó jẹ́, pọn omi kún àmù ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn.”

Àyìnkẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó ní nínú ilé ìyá òun, ìdọ̀tí ni wọ́n ń pe kí èèyàn fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọn kì í pè é ní ẹbọ. Ó ní òun mọ àtúnṣe ti òun: láti ọ̀la lọ, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni òun yóò máa ṣe lójúmọ́, òun yóò kàn túbọ̀ máa yára. Ìyá Ọ̀ṣúnníyì kó ẹyọ rẹ̀ jọ.

Àwẹ̀ró rú ẹbọ. Obì àti ẹyẹlé kò ni í lára. Apá kejì ló ni í lára, ẹ má tan ara yín jẹ. Ní ọjọ́ Ọbàtálá àkọ́kọ́, bí ó ṣe ń fọ aṣọ ni ilẹ̀ yàrá ń pè é. Ó gbọ́ ọ kedere, ohùn tín-ín-rín kan láti inú eruku. Ìdì igi tí ó tú ká lẹ́yìnkùlé náà ń kùn. Ìkòkò aró mí kanlẹ̀. Ó rò pé orí òun ń yí. Ó mú ojú kúrò lára wọn, ó ń fọ aṣọ lọ, ó sì fọ gbogbo rẹ̀ tán kí oòrùn tó kọjá àtàrí. Ó jókòó. Ó pẹ́ tí ó ti jókòó ní ọ̀sán gbẹ̀yìn, ara rẹ̀ kò mọ ohun tí yóò fi ìjókòó ṣe.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó kọsẹ̀. Wọ́n sọ fún un pé àlejò ń bọ̀ ní agboolé, ojú tì í, ló bá mú ìgbálẹ̀ ní ọjọ́ igi. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti gbá ìdajì, ó ti ṣẹ́ igi díẹ̀, ó ti ro aró díẹ̀, ó tún ti padà sínú èéfín àtijọ́ náà. Ó jókòó sílẹ̀, ó sunkún nítorí ọmọ rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó pọn omi, ó sì bi ara rẹ̀ pé ọjọ́ wo lòní. Ọjọ́ Jàkúta ni. Ó lọ sun eérú.

Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn iṣẹ́ náà dákẹ́. Eruku mọ̀ pé ọjọ́ Awo ń bọ̀, igi mọ̀ pé ọjọ́ Ògún ń bọ̀, kò sì sí èyí tí ó ń kùn mọ́ nínú wọn. Ilé Àwẹ̀ró wá dà bí ibi tí àwọn ọmọ ti yó tí wọ́n sì sùn. Ṣùgbọ́n ọmọ kan ṣoṣo tí ó fẹ́ kó sùn níbẹ̀ kò sí. Láràárọ̀, bí ó bá ti da omi sínú àmù tán, á fi ọwọ́ kan ojú omi náà, á pe orúkọ Iyùnadé lẹ́ẹ̀kan, á sì bo ọmọrí.

Oṣù kẹta ni ohun tí mò ń bọ̀ wá sọ ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ Ọbàtálá ni, ìkùukùu ṣì wà nílẹ̀. Àwẹ̀ró ń bọ̀ láti odò pẹ̀lú ìkòkò omi lórí. Ìránṣẹ́ Ìyálóde, obìnrin kan tí inú máa ń tètè bí, pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà pẹ̀lú ìdì aṣọ funfun. Gbogbo aṣọ tí ìdílé Ìyálóde yóò wọ̀ nígbà ọdún ni. Obìnrin náà kí i, ó ní kí ó gbà á lójú ẹsẹ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lónìí. Kò sí aláró tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń wá bá lẹ́ẹ̀mejì láyé rẹ̀. Àwẹ̀ró wò ó. Omi kò tíì dé inú àmù. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí ẹrù orí rẹ̀ ṣe gbà á láyè, kò sọ nǹkan kan, ó sì kọjá. Nígbà tí ó fi da omi tán tí ó sáré jáde, obìnrin náà ti fi ìbínú gbé ìdì aṣọ lọ fún Àyìnkẹ́.

Ó dun Àwẹ̀ró wọnú eegun. Ó ń fọ aṣọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, omijé sì ń kán sínú omi ọṣẹ. Ó bi ara rẹ̀ bóyá òun kì í ṣe òmùgọ̀.

Nígbà tí oòrùn dé àtàrí, ìyá ọkọ rẹ̀ yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó di Iyùnadé lọ́wọ́ mú. Eruku ọ̀nà Ìsàlẹ̀-Odò bò wọ́n lẹ́sẹ̀. Ọmọ náà ti ga sí i. Ó wo ìyá rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì ní òùngbẹ ń gbẹ òun.

Ọmọ náà wọlé, ó rìn dé ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn, ó sì dúró. Ọwọ́ rẹ̀ kan ọmọrí, ó fà á padà. Ètè rẹ̀ ti rántí. Ó yíjú padà, ẹ̀rù hàn lójú rẹ̀.

Àwẹ̀ró kò rọ̀ ọ́. Ó wọlé wá, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ṣí àmù. Ó bu omi, ó kọ́kọ́ mu ún fúnra rẹ̀ títí igbá fi gbẹ. Ó tún bù ú, ó gbé e sílẹ̀ níwájú ọmọ, ó sì ká ọwọ́ rẹ̀ jọ. Iyùnadé tọ́ ọ wò pẹ̀lú orí ahọ́n. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé igbá, ó mu ún, a sì ń gbọ́ bí ó ṣe ń gbé e mì jákèjádò ilé náà.

“Ìyàwó,” ni ìyá àgbà wí, “bù fún èmi náà.”

Ó mu, ó gbé igbá sílẹ̀, ó sì dá nìkan gba ọ̀nà ilé rẹ̀.

Ní ti Àyìnkẹ́, ó ń fọ aṣọ, ó ń gbálẹ̀, ó ń ṣẹ́ igi lọ́jọ́ náà nígbà tí aṣọ Ìyálóde dé. Omi eérú rẹ̀ kò tíì jò tó kí aró lè mú aṣọ. Ó ní òun yóò yára. Oorun gbé e lọ lẹ́bàá ìkòkò kó tó mọ̀, aṣọ náà sì jáde ní àmì-àmì bí awọ ewúrẹ́. Ìyálóde gbọ́, gbogbo ìlú sì gbọ́. Aṣọ mìíràn ni wọ́n hun, ọ̀dọ̀ Àwẹ̀ró ni wọ́n sì gbé e wá, wọ́n dúró de ọjọ́ Jàkúta láìjanpata. Láti ìgbà náà ni oníbàárà kò ti wọ́n lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Ẹni tí ó fi iṣẹ́ mẹ́ta rúbọ ni ilé rẹ̀ tòrò, tí ọmọ rẹ̀ padà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì gbayì. Ẹni tí ó fi ẹbọ ṣe ẹ̀rín ló kábàámọ̀. Wọ́n ní ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn ọdún náà, Àyìnkẹ́ dúró de Àwẹ̀ró lójú ọ̀nà odò, ó sì bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ọjọ́ wo lòní. Àwẹ̀ró kò dáhùn, omi wà lórí rẹ̀. Àyìnkẹ́ kò bínú. Ó sọ̀kalẹ̀ sínú ìkùukùu, ó rọ ìkòkò tirẹ̀ kún, ó gbé e rù, ó sì tẹ̀lé e lọ sílé láìsọ̀rọ̀.