Ìdí tí Alágẹmọ Fi Ń Mì Kí Ó Tó Gbé Ẹsẹ̀

Nígbà láéláé, nígbà tí ẹsẹ̀ kò tíì ní iṣẹ́ mìíràn ju kí a fi kúnlẹ̀ lọ, kẹ̀kẹ́ ni gbogbo ẹranko ń gùn. Kẹ̀kẹ́ wọn ṣe é ṣẹ́ po ní ìbàdí. Bí wọ́n bá dé etí odò, wọ́n á ṣẹ́ ẹ po bí aṣọ, wọ́n á fi há abíyá, wọ́n á sì sọdá.

Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tó yára tó Alágẹmọ. Ìrù rẹ̀ nà gbọọrọ bí ọwọ́ ìgbálẹ̀. Bó bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, eruku nìkan ni ẹ óò rí kí.

Alágẹmọ fẹ́ fi Àwẹ̀ró, ọmọ Ọ̀kẹ́rẹ́, ṣe aya. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ọ̀kẹ́rẹ́ ránṣẹ́ sí i: "Wá kí mi lónìí. Bí oòrùn bá kan àtàrí kí o tó dé, Òkété ni n óò fi ọmọ mi fún."

Ọ̀nà ilé Ọ̀kẹ́rẹ́ kún fún gbòǹgbò igi, kẹ̀kẹ́ Alágẹmọ sì le bí àpáta. Ó gbé e sáré lọ bá Akàn, atúnkẹ̀kẹ́ṣe, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì jẹ́ ẹ̀mú.

"Akàn, ìdí ń ro mí."

"Ìdí ta ni kò ro?"

"Bí mo bá tiro dé ilé àna, wọn á ní mo ti darúgbó."

"Sípíríǹgì lo fẹ́. Wáyà wíwé ni. Bí kẹ̀kẹ́ bá kọ gbòǹgbò, òun ni yóò bá ọ jẹ ìyà náà. Ṣé kó rọ̀ ni, àbí kó le? Èyí tó rọ̀ kì í sáré. Èyí tó le kì í tuni lára."

"Mo fẹ́ kó rọ̀, kó sì sáré."

"Iyán tí a kò gún lo fẹ́ jẹ yẹn."

"Akàn, Òkété ti ń wẹ̀ o!"

Akàn tú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Sípíríǹgì kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀. Ó fi í sí iwájú kẹ̀kẹ́. Ó wo ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Ó wo ẹ̀yìn Alágẹmọ.

"Kí lò ń wò?"

"Ìrù yìí, kí lo ń fi í ṣe?"

"Ìrù mi ni."

"Mo gbọ́. Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

Alágẹmọ ronú. "Ó ń tẹ̀ lé mi."

Akàn fi ẹ̀mú mú ìrù náà. Ó ká a, ó ká a, ó ká a, ó sì dè é pinpin mọ́ abẹ́ ìjókòó.

"Má sọ̀ kalẹ̀ o," ni Akàn wí.

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ̀ kalẹ̀?"

"Ohun tí mo ń sọ náà nìyẹn."

Kẹ̀kẹ́ náà rọ̀ bí ẹní mẹ́ta tí a tò léra. Gbòǹgbò kan ń sọ ọ́ sí èkejì, èkejì ń sọ ọ́ sí ẹ̀kẹta. Oòrùn kò tíì kan àtàrí tí Alágẹmọ fi dé. Ó fa bíréèkì. Imú kẹ̀kẹ́ tẹ̀ wọlẹ̀ níwájú ọlọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó sì tún fò sókè.

"Ọlọ mi lo kọ́kọ́ kí," ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Bíréèkì ni."

Àṣà kan wà ní ilé náà. Ẹni tó bá wá tọrọ ọmọ yóò dọ̀bálẹ̀, kò sì gbọdọ̀ dìde títí bàbá ìyàwó yóò fi ní kó dìde. Alágẹmọ tẹ kẹ̀kẹ́ mọ́lẹ̀ títí àyà rẹ̀ fi kan ilẹ̀. Kí Ọ̀kẹ́rẹ́ tó la ẹnu, ó ti wà lókè.

"Ta ló ní kí o dìde?"

"Èmi kọ́, Bàbá. Ìrù mi ni."

Ó tún dọ̀bálẹ̀. Ó tún fò sókè.

"Ṣé ò ń kí mi ni, àbí ò ń bá wa lọ ata?"

Àwẹ̀ró yọjú láti inú ilé. "Bàbá, ẹ tètè sọ ọ́ nígbà tó bá wà nílẹ̀!"

"Mo ń gbìyànjú! Dì..." Ó ti dìde. "Dì..." Ó tún ti dìde.

Nígbà náà ni Òkété dé. Ó ṣẹ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ po, ó fi há abíyá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kò mira.

"Ẹ wo ọmọ tí a kọ́!" ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí.

 Alágẹmọ kó gbogbo agbára rẹ̀ jọ, ó fi tẹ kẹ̀kẹ́ náà. Gbàgà! Kẹ̀kẹ́ ṣẹ́ po ní ìbàdí, ó sì ṣẹ́ Alágẹmọ po mọ́ inú. Kò fò sókè mọ́.

Ọ̀kẹ́rẹ́ rọra sún mọ́ ọn. "Dìde."

Kò sí ẹni tó dìde.

"Bàbá, mo ń bọ̀," ni ohùn tín-ín-rín kan wí láti inú irin.

Wọ́n fà á jáde. Ìhà rẹ̀ méjèèjì ti lẹ̀ mọ́ra bí ewé. Ìrù rẹ̀ kọ̀, kò nà mọ́.

"Ẹlòmíràn ń tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ kí mi," ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí. "Ìwọ ṣẹ́ ara rẹ po. Ìwọ ni mo fún. Òkété, máa lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo ìdìde tí o dìde láìgba àṣẹ yẹn dùn mí. Láti òní lọ, kí o tó gbé ẹsẹ̀, kọ́kọ́ kí mi."

"Bí ẹ kò bá sí níbẹ̀ ńkọ́, Bàbá?"

"Èmi Ọ̀kẹ́rẹ́? Orí igi wo ni n kì í sí?"

Tọkọtaya jáde. Àwẹ̀ró délé, ó dáná, ó jẹun, ó sùn. Ọkọ rẹ̀ kò tíì kọjá ọlọ; ó ṣì ń mì síwájú, ó ń mì sẹ́yìn, ó ń kí àna.

Nígbà tí àwọn ẹranko yòókù rí èyí, wọ́n kó kẹ̀kẹ́ wọn sọ sódò. Akàn wọ odò tẹ̀ lé àwọn kẹ̀kẹ́ náà, ó sì ń wá wọn kiri títí di òní.

Láti ọjọ́ náà ni alágẹmọ ti lẹ̀ ní ìhà, tí ìrù rẹ̀ sì ká. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń mì síwájú, tí ó ń mì sẹ́yìn, kí ó tó gbé ẹsẹ̀ kan. Ojú rẹ̀ kan ń wo ọ̀nà, ojú kejì ń wo òkè, nítorí kò mọ igi tí àna rẹ̀ wà lórí rẹ̀.